Sẹ́ńsọ̀ Ọlọ́dún Mẹ́wàá

Nígbà tí Àyìnkẹ́ tó ń fọ táǹkì rẹ́rìn-ín pé sẹ́ńsọ̀ tuntun tó ń sọ ibi tí omi dé tún ti kú, Olóyè Làníyonu tó ni ilé-iṣẹ́ omi fajú ro, ó ní: “Ìwọ ọlọ́gbọ́n, kí ó tó di ọ̀sán ọ̀la, yan èyí tí yóò lo ọdún mẹ́wàá fún mi, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, di ẹrù rẹ.” Àyìnkẹ́ ní kò burú. Ó ránṣẹ́ sí àwọn mẹ́ta tó ń tà á pé kí wọ́n má gbé tuntun wá o, èyí tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú táǹkì oníbàárà wọn ni kí wọ́n yọ wá. Ilẹ̀ mọ́, ẹni àkọ́kọ́ gbé àlàyé wá, kò gbé sẹ́ńsọ̀. Ẹnì kejì gbé ọ̀kan tí ẹrẹ̀ bò wá, ó ní ó ti lo ọdún méjìlá. Àyìnkẹ́ da omi ife kan sí i, ẹrẹ̀ ṣàn lọ, sẹ́ńsọ̀ ń dán gbinrin. “Ẹrẹ̀ táǹkì kì í gbọ́ ti omi, ẹ̀gbọ́n,” ló wí, “ọ̀bẹ la fi ń ha á.” Ẹni kẹta, bàbá arúgbó kan, tú nǹkan gbágungbàgun kan jáde nínú àpò. Àyìnkẹ́ fi ọ̀bẹ ha á títí apá fi ń ro ó, ó so ó mọ́ bátìrì, ó jù ú sínú garawa omi, iná rẹ̀ tàn yòò. Olóyè kò rí àléébù kan sọ, ló bá ní: “Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́? Ta ló mọ̀ bóyá wàá lo ọdún mẹ́wàá?” Àyìnkẹ́ kúnlẹ̀, ó na ife sí i. “Ọdún kọkànlá mi rèé nínú táǹkì yín, Bàbá. Ẹ bu omi lé mi lórí, kí ẹ wò ó bóyá ẹrẹ̀ á ṣàn lọ.”