Ọba Tó Gbé Igi Ìdáná

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò kọjá òkun, ó bà lé ọba Jámánì kan tí kò lóhùn."

"Ìyá Àgbà, irú ọba wo ni kò lóhùn?" Àṣàkẹ́ ló béèrè.

"Òun náà ni mò ń bọ̀ wá sọ. Jókòó dáadáa."

Ní ìgbà kan rí, ọba kan wà ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí òtútù ti ń mú omi dì bí òkúta. Rúpẹ́ẹ̀tì lorúkọ rẹ̀. Baba rẹ̀ pẹ́ lórí oyè, ó pẹ́ títí, irùngbọ̀n Rúpẹ́ẹ̀tì fi funfun nípò àrẹ̀mọ.

"Ṣé baba rẹ̀ ò fẹ́ kú ni?"

"Ta ló fẹ́ kú, Láníyonu?"

Baba yìí ló ti igbó ọba pa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣa igi gbígbẹ níbẹ̀, kí wọ́n má baà lé ẹran tí ọba ń dọdẹ sá. Bí òtútù bá dé, àwọn tálákà á máa kú sínú ilé wọn. Opó kan wà tó ń jẹ́ Bẹ́tà. Òtútù pa ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Rúpẹ́ẹ̀tì lọ bá a kẹ́dùn, ó ní, "Ìyá, ọjọ́ tí mo bá jọba, n ó ṣí igbó yẹn."

Baba kú. Rúpẹ́ẹ̀tì jọba. Àmọ́ kókó kan ti yọ sí i lọ́nà ọ̀fun. Kókó ń dàgbà, ohùn ń lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé e ládé, ohùn ti lọ tán.

Ẹ wá gbọ́ àṣà ìlú náà. Àṣẹ ọba kì í di òfin àfi kí ọba fúnra rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn ààfin, kó pa á, kí aráàlú sì dáhùn pé, "A gbọ́!" Bí wọ́n bá ti dáhùn, ọba mìíràn kò lè yí i padà, àfi kí aráàlú tún dáhùn.

Olórí ìjòyè ní, "Kábíyèsí, ẹ sinmi. Àrẹ̀mọ yóò sọ ti igbó náà tó bá jọba."

Ótò ni àrẹ̀mọ náà. Ohùn rẹ̀ ń dún bí àrá, ọdẹ ló sì fẹ́ràn jù láyé. Ọba mọ̀ pé kò ní sọ ọ́ láéláé. Àwọn oníṣègùn sì ti ní òtútù ọdún yìí ni ọba yóò rí mọ.

Ọba wọ ilé ẹṣin lọ, ó ń sunkún láìdún. Ẹṣin rẹ̀ gbórí sókè.

"Kábíyèsí, bí koríko bá kún ẹnu mi, tí òùngbẹ sì ń gbẹ mí, kí ni mo máa ń ṣe?"

Ọba fi ẹsẹ̀ ta garawa omi, bí ẹṣin náà ti máa ń ta á.

"Ẹ ṣé. Ṣé ẹ ti ṣì mí gbọ́ rí?"

"Ìyá Àgbà! Ẹṣin ń sọ̀rọ̀, ọba ò lè sọ̀rọ̀?"

"Ọ̀fun ọba ló ń dùn ún. Ara ẹṣin le."

Ilẹ̀ mọ́, ọba wọ igbó. Ó ṣa igi, ó dì í, ó gbé e lé èjìká ara rẹ̀. Ìmàdò kan pàdé rẹ̀ lọ́nà.

"Kábíyèsí! Ẹ̀yin náà ti ń jí igi?"

Ọba mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìmàdò yà fún un.

Ó gun àtẹ̀gùn ààfin. Gbogbo ìlú pé. Ó la ẹnu. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé igi náà lé Bẹ́tà lọ́wọ́. Ó padà sórí àtẹ̀gùn, ó nàka sí igbó, ó sì nàka sí aráàlú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Olórí ìjòyè rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin èèyàn, kí lẹ gbọ́?"

Bẹ́tà gbá igi náà mọ́ra, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "A gbọ́!"

Gbogbo ìlú ní, "A gbọ́!" Ẹṣin náà ní, "A gbọ́!"

"A gbọ́!" Àwọn ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ gbà á.

"Ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n bi, àmọ́ ó dáa bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ náà, èéfín yọ lórí gbogbo òrùlé. Kí òtútù tó kásẹ̀ nílẹ̀, ọba wàjà.

Ótò gorí oyè. Ó gbẹ́ ère baba ńlá rẹ̀ tó ti igbó pa sí gbogbo oríta. Kò gbẹ́ ti baba rẹ̀ sí ibì kankan. Ó wá dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Mo ti igbó ọba pa!" Ẹyẹlé fò lórí òrùlé.

Aráàlú ń wò ó. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn.

Ó tún pa àṣẹ náà. Ẹnìkan wúkọ́.

Bẹ́tà mú okùn tó fi ń di igi, ó kọrí sí ọ̀nà igbó. Aládùúgbò rẹ̀ tẹ̀lé e. Àwọn yòókù tẹ̀lé wọn. Ótò ń ké, wọ́n ń lọ. Nígbà tó yá, òun nìkan ló kù lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tó bá láṣẹ lọ́wọ́, kó yáa fi ṣe àwọn tí ìyà ń jẹ lóore nígbà tó ṣì wà láyé. Wọn kò ní gbàgbé rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi já sí rèé. Bí mo bá parọ́ mọ́ ọn, kí eyín mẹ́ta tó kù mí lẹ́nu já bọ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ dìde, ẹ lọ sùn.