Ìbọn Tí Mo Rà Nítorí Ewúrẹ́ Mi

Ajá pa ewúrẹ́ mi mẹ́ta. Ọ̀sán gangan ni wọ́n pa wọ́n, nínú ọgbà tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, kò sì sí ẹnìkan nínú agbo ilé yìí tó bi mí pé, "Abíọ́nà, kí ló dé?" Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ẹ̀yin àgbà tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, etí yín ò di.

Ààlọ́ o!

"Ààlọ̀!"

Ní ìgbà kan rí, ìgbà náà ò tíì pẹ́, ọdẹ kan wà tó ń jẹ́ Ọdẹ́rìndé. Ẹ mọ̀ ọ́n?

"A mọ̀ ọ́n! Ó ti kú!"

Ó kú. Wọ́n sin ín sẹ́yìn ilé rẹ̀ létí igbó. Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo ló jogún rẹ̀. Àbúrò náà kó gbogbo ohun tó ṣeé kó, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì fi ajá mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ta ni àbúrò ọ̀hún, Màmá?"

Ẹ má bi mí. Ó mọ ara rẹ̀.

Kò pẹ́ ni ẹran mi bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní, ọ̀kan. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan. Lọ́jọ́ kẹta, abo tó lóyún. Mo wọ inú ọgbà, mo rí ẹ̀jẹ̀, mo rí ipa ẹsẹ̀ ajá. Ewúrẹ́ tó dàgbà jù nínú àwọn tó kù dúró ní kọ̀rọ̀, ó ń gbọ̀n.

"Ta ló ṣe é?" ni mo bi í.

"Ajá ni, ìyá mi."

"Ebi ló ń pa wọ́n?"

"Rárá o. Wọn ò jẹ wọ́n. Wọ́n rọra gbé wọn lọ ni, bí ẹni ń gbé ẹrù lọ fún ẹni tó rán an níṣẹ́."

"Hẹ̀ẹ̀!"

Ẹ dákẹ́. Inú bí mi. Mo gba ilé Bàbá Ṣóńdé alágbẹ̀dẹ lọ. Mo ní, "Ìbọn ni mo fẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ, Abíọ́nà? Ìbọn kì í ṣe orógùn o."

"Ẹni tí ajá ń pa lẹ́ran ni mí, n ò wá ṣeré. Ẹ kó wọn jáde."

Ó to mẹ́ta sórí ẹní. Ṣakabùlà ni àkọ́kọ́, ó gùn jù mí lọ. Bàbá ní, "Èyí ń pa ẹfọ̀n. O bá yìn ín, ajá á kú, ìwọ náà á ṣubú. Kí o tó ki ẹ̀tù mìíràn, ajá kejì ti gbé ewúrẹ́ lọ." Èkejì jẹ́ ẹlẹ́nu méjì. Ó ní, "Èyí ń fọ́n ọta ká. Bí ajá bá gbé ewúrẹ́ sẹ́nu, àtajá àtewúrẹ́ lo máa sin."

Ẹ̀kẹta kúrú. Awọ àgbọ̀nrín ni wọ́n fi wé ìdí rẹ̀, ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń fara tì sì ti dán. Mo gbé e. Ó ṣe wẹ́kú ọwọ́ mi. Ṣùgbọ́n ó gbóná, bí àga tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Ta ló ni èyí tẹ́lẹ̀?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Ẹnìkan ló tà á fún mi. Ṣé ó bá ọwọ́ rẹ mu, àbí kò bá a mu?"

Àṣìṣe mi nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Mo yẹ ẹnu ìbọn wò, mo yẹ ìdí rẹ̀ wò, n ò dúró kí n mọ ọwọ́ ẹni tó ti wá. Mo rà á.

Lọ́jọ́ kejì, mo fara pamọ́ sẹ́yìn abà. Oòrùn dúró sí àárín orí, òjìji sá sábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹyẹ kan ò ké. Ewé kan ò mì. Ìgbà náà ni wọ́n yọ, àwọn mẹ́ta, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, wọn ò gbó. Másùn ló ṣíwájú, ajá dúdú Ọdẹ́rìndé yẹn. Mo gbé ìbọn sókè.

Wọ́n rí ìbọn. Wọ́n jókòó. Ìrù wọn ń gbá eruku, wọ̀ọ́, wọ̀ọ́, wọ̀ọ́.

Másùn ní, "Ọdẹ, o pẹ́ o."

"Yéè!"

N ò lè yìn ín. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Wọn ò wo ojú mi. Wọ́n wo èjìká mi, wọ́n sì gbójú sókè díẹ̀ sí i, bí ẹni ń wo ojú ẹnìkan tó dúró lẹ́yìn mi, tó ga jù mí lọ.

Wọ́n yí padà. Mo tẹ̀ lé wọn, n ò mọ ẹni tó ń gbé ẹsẹ̀ mi. Ilé Ọdẹ́rìndé ni wọ́n mú mi dé. Koríko ti bo àgbàlá. Ewúrẹ́ mi mẹ́ta nìyẹn, wọ́n tò wọ́n síwájú ilẹ̀kùn tí a tì pa, wọ́n kọ orí wọn sí ilé. Yàtọ̀ sí ojú eyín lọ́rùn wọn, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn ajá sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é. "Ó ń bọ̀ o, ó ń bọ̀" ni kí ẹ máa wí.

Ọdẹ wa ló ròde o,
*Ó ń bọ̀ o, ó ń bọ̀.*
Ó ní ká ṣọ́nà de òun o,
*Ó ń bọ̀ o, ó ń bọ̀.*
Ẹran rẹ̀ rèé lẹ́nu ọ̀nà o,
*Ó ń bọ̀ o, ó ń bọ̀.*
Ilẹ̀kùn tì, a ò lọ o,
*Ó ń bọ̀ o, ó ń bọ̀.*

Mo ní, "Ọdẹ́rìndé ti kú. Oórì rẹ̀ rèé."

Másùn rẹ́rìn-ín. "Kú kẹ̀? Ìbọn rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Ibi tí ìbọn bá wà, ọdẹ wà níbẹ̀. Òun nìyẹn lẹ́yìn rẹ."

"Màmá! Ṣé ẹ bojú wẹ̀yìn?"

Ṣé orí mi dàrú ni? N ò bojú wẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ìbọn náà fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ìgbà tí ẹlòmíì bá ń bá mi gbé e nídìí.

Mo sáré dá a padà fún Bàbá Ṣóńdé. Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu. Ó ní ẹni tó bá jogún ìbọn ọdẹ ló yẹ kó pe àwọn ajá lórúkọ, kó mú wọn dé ojú oórì, kó fọwọ́ ara rẹ̀ fún wọn lóúnjẹ, kó sì wí fún wọn pé, "Ọ̀gá yín ti kú, èmi ló kù." Ó ní ẹbí nìkan ni wọ́n máa ń gbà gbọ́. Mo ní, "Ẹ̀yin náà mọ èyí, ẹ tún ta ìbọn fún mi?"

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìbọn ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi, itọ́ ajá lára rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dùbúlẹ̀ tì í. Láti ọjọ́ náà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé ẹran wá. Lónìí, adìẹ Ìyá Pẹ̀lúmi. Lọ́la, àgùntàn onílé ìsàlẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wá bú mi: "Abíọ́nà, so ajá rẹ mọ́lẹ̀!" Ajá mi! Èmi tí wọ́n kọ́kọ́ pa lẹ́ran!

Lánàá, kì í ṣe ẹran ni wọ́n gbé wá. Ẹ̀wù pupa kékeré kan ni.

"Ẹ̀wù mi ni! Wọ́n fà á ya lára mi! Igi ìyeyè ni mo sá gùn!"

Mo mọ̀, Mofẹ́. O yára, orí ẹ bá ẹ ṣe é. Lọ́la ńkọ́?

Ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ ò ṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn, kó bèèrè ọwọ́ tó ti wá. Ẹni tó bá sì jogún ọdẹ, kó jogún ajá rẹ̀.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi dé rèé. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, kí ahọ́n mi gbẹ bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú ọyẹ́. Bó bá jẹ́ òótọ́ ni, kí ẹni tó kàn fọhùn.

Ògúnlàdé! Ìwọ àbúrò Ọdẹ́rìndé, tí o jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ yẹn, tí o ń ṣe bí ẹni ń tòògbé. Ọmọdé ni ọ́ sí mi, n ò ní pè ọ́ ní ẹ̀yin. Ìwọ lo ta ìbọn. Ìwọ lo ti ilẹ̀kùn. Ohùn rẹ nìkan ni àwọn ajá náà máa gbà gbọ́. Ṣé o máa lọ sọ fún wọn pé ọ̀gá wọn ti kú kí oòrùn ọ̀la tó kàn àtàrí, àbí kí n máa wo ohun tí wọ́n tún máa gbé wá? Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Dá mi lóhùn.