Jíìpù Tó Ń Tẹ̀ Lé Ọkọ̀ Oníná

Ẹni tó bá máa dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò. Olóyè Fátókun mọ òwe yìí dáadáa. Ó rò pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ni òwe náà ń bá wí.

Àádọ́ta ọdún ni ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ n'Ìbàdàn fi ń ṣe bọ́ọ̀sì elépo. Nígbà tí Olóyè rí i pé ọkọ̀ oníná layé ń bá lọ, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé, "Epo ti di ohun àná."

Bàbá Làmídì, alága àwọn awakọ̀ Ìsẹ́yìn, fẹ́ ra ogójì. Ó ní kí àwọn jọ wọ ọ̀kan lọ sí Ìsẹ́yìn, kí àwọn tọwọ́ bọ̀wé níbẹ̀. Olóyè gbà. Ọlọ́gbọ́n sì ni: ó rọra ní kí awakọ̀ òun máa fi jíìpù elépo tẹ̀ lé àwọn.

Bọ́ọ̀sì náà ń yọ́ lọ bí ológbò títí wọ́n fi dé ìdíkọ̀. Olóyè na bírò sí alága, ṣùgbọ́n jíìpù ni bàbá ń wò.

"Ta ló ni ìyẹn?"

"Tèmi ni, bàbá. Mo ní kó máa bọ̀, bóyá..."

"Bóyá kí ni?"

Olóyè tún na bírò náà sí i.

"Bọ́ọ̀sì yín ò lábùkù," ni bàbá wí. "Ẹ̀yin tí ẹ ṣe é lẹ ò gbà á gbọ́. Àbí kí n tún ra ogójì jíìpù tí yóò máa tẹ̀ lé e?"

Jíìpù ni Olóyè wọ̀ padà sílé. Bọ́ọ̀sì oníná ló ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.