Ewé tí Ọdẹ́jìnmí Kọ̀ Láti Jẹ

Ewé-tútù-kò-lariwo, Gbòǹgbò-ń-ṣiṣẹ́-lábẹ́-ilẹ̀, àwọn awo méjèèjì yìí ló dá Ifá fún Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ ìlú Òkè-Ìrókò, nígbà tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́.

Ẹran ìgbẹ́ ni Ọdẹ́jìnmí ń jẹ láàárọ̀, òun náà ló ń jẹ lálẹ́. Bí Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bá gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ síwájú rẹ̀, á ní òun kì í ṣe ewúrẹ́. Nígbà tó yá, ọgbẹ́ kékeré tí ẹ̀gún dá sí i lẹ́sẹ̀ kọ̀, kò jinná. Èrìgì rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, ojú rẹ̀ á ṣú. Kò lè jókòó pẹ́. Á dìde, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á padà, á tún dìde. Oorun kò kùn ún mọ́. Ó rò pé ẹnì kan ló ń fi nǹkan ṣe òun, kò sì fọkàn tán aládùúgbò kankan.

Ló bá tọ àwọn awo lọ. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Wọ́n ní kó fi òbúkọ rúbọ, kó fi tẹ̀tẹ̀, ewúro, epo pupa àti èso tó bá pọ́n lórí igi kún un. Òbúkọ ni ti ẹbọ. Ewé, epo àti èso, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa jẹ ẹ́ títí ara rẹ̀ yóò fi bọ̀ sípò.

Ọdẹ́jìnmí mú òbúkọ wá láìjanpata. Ó fi ewé sílẹ̀. Ó ní bí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ òun bá gbọ́, wọn ó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́.

Ara kò balẹ̀ síbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ilé kò gbà á, ló bá mú ọrun rẹ̀, ó forí lé etí oko. Ó rí ohun kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú koríko. Ìgalà ló pè é. Ó fa ọrun, ó ta á. Igbe èèyàn ló gbọ́. Àwẹ̀ró ni, tó ń já ẹ̀fọ́. Ọfà ti gba inú agbọ̀n tó gbé mọ́yà kọjá, ó sì ha án lápá.

Ọdẹ́jìnmí sáré débẹ̀, ó kúnlẹ̀. Àwẹ̀ró kò sunkún. Ó di apá rẹ̀ mú, ó sì wò ó.

"Baálé mi, ṣé ẹ ò rí mi ni?"

"Mi ò rí ọ. Ojú mi ti ń lọ, Àwẹ̀ró, mi ò sì fẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ilé àwọn awo ni Ọdẹ́jìnmí kọ́kọ́ yà, ó sì jẹ́wọ́ ohun tó ṣe. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Òbúkọ tí o mú wá, Èṣù gbà á. Èyí tó kù, ẹnu rẹ ni ojúbọ rẹ̀."

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ jẹ ewúro, ó fẹ́ẹ̀ dìde nídìí àwo. Àwẹ̀ró jókòó sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n fi aṣọ dì, kò kúrò níbẹ̀ títí àwo fi mọ́. Àwọn ọdẹ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lóòótọ́. Ó ń jẹ ẹ́ lọ. Díẹ̀díẹ̀, ọgbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ san, èrìgì rẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ó sì ń sùn. Ó wá ń dá ojú èèyàn mọ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Síbẹ̀, fún ìgbà pípẹ́, kì í fa ọrun ní etí oko láìkọ́kọ́ pe orúkọ Àwẹ̀ró.

Ìdí nìyí tí Ifá fi ní kí ẹni tí wọ́n yan ẹbọ fún má ṣe mú èyí tó rọrùn, kó wá fi èyí tó nira fún un sílẹ̀. Ọdẹ́jìnmí rú u pé. Ojú rẹ̀ là, ìyàwó rẹ̀ sì wà láàyè láti dá a lóhùn nígbà tó bá pe orúkọ rẹ̀.