Àga Amọ̀ tí Ẹfúnwùmí Mọ fún Oyè

Nígbà tí ìlú Ìdó-Òdán kò tíì ju ọgọ́rin agbo ilé lọ, ìbẹ̀rù kan wọ inú rẹ̀ tí kò gba ẹnu odi wọlé. Àwọn ọmọdé ni ó ń gbé. Ọmọ á jáde láàárọ̀ lọ wa amọ̀ létí odò Àbàtà, oúnjẹ ọ̀sán á tutù dè é, kò ní í padà wálé. Lẹ́ẹ̀kíní, ọmọ mẹ́ta ni. Lẹ́ẹ̀kejì, ọmọ márùn-ún mìíràn ni. Àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀já so ọmọ tó ti ń sáré mọ́ ìdí ara wọn nídìí odó, ẹni tó bímọ mẹ́rin á sì máa fọwọ́ kan orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó lè di ojú, á tún jí, á tún fọwọ́ kàn wọ́n. Balógun ní àwọn ará òdìkejì odò ló ń jí wọn kó. Ìlú gbà á gbọ́. Wọ́n fi kún oúnjẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kí ó má sùn.

Ta ni kò ní í gba Balógun Ògúnjìnmí gbọ́? Òun ni igi ńlá tí gbogbo Ìdó-Òdán sá sí abẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ogun fọ́ odi. Òun nìkan ló dúró sí ojú ibi tó fọ́ náà títí àwọn yòókù fi dé. Idà gé ìka tó kéré jù lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kò yẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń kì í ní Oníka-mẹ́rin-tí-í-lé-oníka-márùn-ún-sá. Bí ènìyàn bá rí ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà, yóò yẹ̀ fún un. Kò sí ẹni tí í tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni ọlá tí ìlú fún un, ọlá náà sì tọ́ sí i.

Ẹfúnwùmí, tí ìtàn yìí jẹ́ tirẹ̀, kò ní irú ọlá bẹ́ẹ̀. Amọ̀kòkò ni, opó ni, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ohùn rẹ̀ kì í kọjá ilé kejì. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àwẹ̀ró, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tí eyín iwájú rẹ̀ méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà. Kò sí ìkòkò tí ìyá rẹ̀ mọ tí Àwẹ̀ró kò ní í fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Àwọn oníbàárà ti mọ̀ ọ́n, wọn á dojú ìkòkò dé, wọn á wo ìdí rẹ̀, wọn á ní, "Ehn, ti ìyá Àwẹ̀ró nìyí."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí oṣù kan ti kọjá tí ọmọ ẹnikẹ́ni kò sọnù, amọ̀ tán nílé. Àwẹ̀ró gbé agbọ̀n, òun àti ọmọ mẹ́ta mìíràn. "Màmá, n ó dé kí iṣu yẹn tó jinná." Iṣu jinná. Iṣu jóná. Ẹfúnwùmí ò bu omi sí i, ó sáré gba ọ̀nà odò láìwọ bàtà.

Kò sí ẹnikẹ́ni létí kòtò amọ̀. Agbọ̀n mẹ́rin wà nílẹ̀, ọ̀kan dojú dé. Ó ń pe orúkọ ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń rìn yí kòtò náà ká, àfi bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ṣàdéédéé yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bọ̀wọ̀ kí ojú rẹ̀ tó rí ohun tó bọ̀wọ̀ fún. Ó wolẹ̀. Nínú amọ̀ tútù, ipa ẹsẹ̀ ńlá kan wà níbẹ̀, oníka mẹ́rin, gìgísẹ̀ rẹ̀ sì tẹ orí ipa ẹsẹ̀ ọmọdé kan mọ́lẹ̀ dé ìdajì.

Obìnrin mìíràn ì bá ké. Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀, ó fi ọ̀bẹ ìgé-amọ̀ gé ilẹ̀ náà yíká bí ẹni tó ń gé afárá oyin. Kí ó tó gbé e, ó rántí ohun tí iná máa ń ṣe fún amọ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Balógun, ṣinṣin. Ó wá gbé gbogbo rẹ̀ lé pátákó, ó rù ú lọ sílé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Balógun dúró níwájú ààfin, ó búra fún ìlú pé ẹnubodè òkè ni òun wà láti ìdájí, àti pé láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òun kò tẹ etí odò. Àwọn ènìyàn sunkún, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú ká, Ẹfúnwùmí lọ bá Ọ̀tún, àgbà ìjòyè tí í gbọ́ ẹjọ́ fún Olúdó, ọba ìlú. Ó sọ ohun tó rí.

Ọ̀tún ní, "Ìyá Àwẹ̀ró, ọ̀rọ̀ rẹ wúwo. Ṣùgbọ́n o mọ òfin wa. Ẹni tí a bá ń dá lẹ́jọ́ ní láti ṣí fìlà, kí ó bọ́ bàtà, kí ó jókòó sórí ilẹ̀ lásán, kí ilẹ̀ lè gbọ́ ẹnu rẹ̀. Bí kò bá jókòó, ẹjọ́ kò sí. Oyè kì í sì í jókòó nílẹ̀. Oyè àwọn bàbá wa ni."

"Bàbá, ta wá ni í dá olóyè lẹ́jọ́?"

"Láti ìgbà tí mo ti dáyé," Ọ̀tún wí, ojú sì tì í bó ti ń sọ ọ́, "n kò tíì rí i."

"Ọmọ mi ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá a dé abà Balógun."

"A kì í wá inú abà ẹni tí a kò dá lẹ́jọ́."

Ẹfúnwùmí padà sílé. Ó jókòó ti ipa ẹsẹ̀ náà títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ọ̀rọ̀ Ọ̀tún ń yí nínú rẹ̀. Oyè kì í jókòó nílẹ̀. Ó dáa. Ó fa amọ̀ tó kù sọ́dọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ rí ní Ìdó-Òdán.

Ìyá Ebu, tó dàgbà jù láàárín àwọn amọ̀kòkò ní ebu, ibi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò, wá bá a lọ́jọ́ kẹta. Ó rí i tó ń fi ewé bo iṣẹ́ náà lábẹ́ òjìji. "O ò tíì sun ún? Ọmọ ń jìnnà sí ọ, o jókòó ò ń ṣọ́ amọ̀!"

"Ìyá, kò tíì gbẹ. Bí amọ̀ tútù bá rí iná, á bẹ́."

"Jẹ́ kó bẹ́!"

"Bó bá bẹ́, kí ni n ó mú lọ? Omijé?"

Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi dúró. Kò sí ohun tí mo mọ̀ tó le tó ìyẹn nínú gbogbo ohun tí akọni ń ṣe láyé. Ẹni tó dojú kọ ọ̀kọ̀ lè pa ojú dé kó sáré; ṣùgbọ́n kí ìyá jókòó, kí ó máa fọwọ́ kan amọ̀ láàárọ̀ bóyá ó ti gbẹ, kí ó mọ̀ pé bí ọjọ́ ṣe ń lọ lọ̀nà ọmọ òun ń gùn, kí ó sì tún fi ewé bò ó padà! Lọ́jọ́ kẹsàn-án, gbogbo àwọn obìnrin ebu kó igi àti koríko gbígbẹ jọ, wọ́n sì sun ún pọ̀ mọ́ ipa ẹsẹ̀ náà. Kò bẹ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá, tí Olúdó jókòó níta pẹ̀lú gbogbo ìjòyè, àwọn amọ̀kòkò tò wọ ojúde ààfin, ogún obìnrin, wọ́n ru ẹrù méjì tí wọ́n fi aṣọ bò. Balógun wà lórí àpótí rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin ìyá, ọjọ́ ọjà kọ́ lòní. Ìkòkò ọbẹ̀ ni tàbí ti omi?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹfúnwùmí kúnlẹ̀ kí ọba, ó kúnlẹ̀ kí Balógun pẹ̀lú, ó sì ṣí aṣọ àkọ́kọ́. Àga kékeré ni, amọ̀ pupa, ẹsẹ̀ mẹ́ta.

"Kábíyèsí, èmi kò wá sọ oyè di ilẹ̀. Oyè ló gbà wá lọ́jọ́ ogun. Àga ni mo mọ fún un. Ṣùgbọ́n oyè kò lọ́wọ́ tí yóò fi di ọmọ lókùn. Oyè kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi dé etí odò. Ẹni tó lọ́wọ́, tó lẹ́sẹ̀, Ògúnjìnmí ni, ọmọ ènìyàn bíi tèmi. Ẹ jẹ́ kí oyè jókòó sórí àga. Kí Ògúnjìnmí jókòó nílẹ̀."

Olúdó wo Ọ̀tún. Ọ̀tún dìde díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Kábíyèsí, n kò rí ibi tí òfin ti ṣẹ́."

Ẹfúnwùmí ṣí aṣọ kejì. Balógun na ọrùn wo ipa ẹsẹ̀ náà. Jagunjagun ni, ojú rẹ̀ mọ ìwọ̀n; ó rí i pé ó kéré sí ẹsẹ̀ òun. Ó rẹ́rìn-ín sókè. "Ẹ jẹ́ kí n bá opó ṣeré." Fúnra rẹ̀ ló ṣí fìlà, ló bọ́ ìlẹ̀kẹ̀, ló kó wọn lé àga amọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò ṣẹlẹ̀ rí: gbogbo ìlú dọ̀bálẹ̀ fún fìlà lórí àga, wọ́n kí i ní oyè, wọ́n dìde, wọ́n sì rí ọkùnrin kan tó jókòó sórí ilẹ̀, tí irun rẹ̀ ti ń funfun.

Ó bọ́ bàtà, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú ipa náà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ yọ síta. "Ṣé ẹ rí i? Ẹsẹ̀ àbúrò mi ni!"

"Kò wọ̀ ọ́ o!" àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ hó.

Ẹfúnwùmí sún mọ́ ọn. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún tirẹ̀ sínú ipa kejì, èyí tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ létí odò. Gìgísẹ̀ tirẹ̀ náà yọ síta. "Ẹ̀yin ará ebu, kí ni iná ń ṣe fún amọ̀?"

"Ó ń mú un súnkì!" ogún obìnrin dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀tún já koríko méjì. Ó wọn ibi tí ẹsẹ̀ obìnrin náà fi yọ, ó wọn ti Balógun. Ti Balógun fi díẹ̀ ju ti Ẹfúnwùmí lọ, bí ẹsẹ̀ Balógun ti tóbi ju tirẹ̀ lọ. Ó ka ìka: mẹ́rin. Ó wá tẹ̀ba, ó fi ìka tọ́ ipa ẹsẹ̀ ọmọdé tó wà lábẹ́ gìgísẹ̀ náà, ó sì yíjú sí Balógun.

"Ògúnjìnmí," Ẹfúnwùmí wí, ohùn tí kì í kọjá ilé kejì wá dé ẹ̀yìn odi lọ́jọ́ náà, "ìwọ tí a ń yẹ̀ fún ipa ẹsẹ̀ rẹ. Níbo ni Àwẹ̀ró wà?"

Ọkùnrin tó dúró de ogun nìkan kò lè gbé ojú sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ló dojú bolẹ̀: abà Balógun ní Òkè-Ìyeyè ni wọ́n wà, àná ni àwọn tó ń ra ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀.

Ọmọ mọ́kànlá ló tò padà wọ Ìdó-Òdán ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ìyá ń já wọn gbà lẹ́nu odi. Ẹfúnwùmí dúró títí ẹni ìkẹyìn fi kọjá. Àwẹ̀ró kò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ náà ní òun nìkan ni àwọn tó ń ra ènìyàn mú lọ ní ọjọ́ tó ṣáájú, ọjọ́ kẹsàn-án, tí èéfín ebu ń lọ sókè.

Ìyá Ebu bú sẹ́kún. "Mo ní kí o yára!"

"Bí mo bá yára sun ún ni, ì bá bẹ́," Ẹfúnwùmí wí. "Àwọn mọ́kànlá yìí náà ì bá ti bá a lọ." Ó mú ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ kò tíì dé, ó sì ń nu ẹrẹ̀ lójú rẹ̀.

Wọ́n lé Ògúnjìnmí kúrò nílùú láìdé fìlà. Oyè rẹ̀ kò bá a lọ. Orí àga ló wà títí ẹlòmíràn fi jẹ ẹ́. Ẹfúnwùmí gbé odindi ọdún mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn náà, ó sì ń rán ènìyàn lọ sí gbogbo ọjà tó jìnnà, láti dojú ìkòkò dé, kí wọ́n wo ìdí rẹ̀ bóyá àtàǹpàkò kan wà níbẹ̀.

Àga náà ṣì wà ní ojúde ààfin Ìdó-Òdán. Bí ẹjọ́ bá kan olóyè, bó ti wù kí ó ga tó, àga ni wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde; wọn á dọ̀bálẹ̀ fún fìlà, ẹni tó ń dé e á sì jókòó sórí ilẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sì ń fi ẹnikẹ́ni joyè níbẹ̀, kí fìlà tó kan orí rẹ̀, yóò bọ́ bàtà, yóò jókòó nílẹ̀ níwájú àga amọ̀, obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn amọ̀kòkò yóò sì bi í pé, "Níbo ni Àwẹ̀ró wà?"

Ìdáhùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. "A kò tíì rí i. Èmi náà yóò máa wá a."