Fadérera So Iná Oòrùn Mọ́ Wáyà Ìlú
Fadérera tó ń ta yìnyín fẹ́ so iná oòrùn orí òrùlé rẹ̀ mọ́ wáyà ìlú, kí èyí tó bá ṣẹ́kù lè máa dé ilé ìgbẹ̀bí. Ọ̀gá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ní, “Màdáámù, ẹ kọ́kọ́ kọ gbogbo wákàtí tí òjò yóò ṣú lọ́dún tó ń bọ̀ wá.” Fadérera yọ ìwé, ó fa ìlà sí i láàárín, ó gbé e síwájú ọ̀gá. “Ẹ kọ wákàtí tí ẹ óò mú iná lọ sápá kan, sà, èmi á kọ ti òjò sápá kejì.” Bí ọ̀gá ṣe ń wo ìwé náà, iná lọ, fáànù dúró. Fadérera na bírò sí i: “Ẹ fi tòní bẹ̀rẹ̀, sà.” Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí, ó gba bírò, ó sì buwọ́ lùwé àṣẹ.