Olóyè Di Ọmọ Iṣẹ́ Nídìí Wúfà
Olóyè Abọ́lárìn ló ni ilẹ̀ tí Mojírádé oníwáyà ọkọ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Bí Olóyè bá wúkọ́ ládùúgbò, ewúrẹ́ pàápàá á yà lọ́nà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé jíìpù rẹ̀ dé, wúfà, gbohùngbohùn ńlá rédíò ẹ̀yìn ọkọ̀, ń kùn hùn-ùn bí ilé oyin, ó ní, "Mú kó dákẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà mi kankan, torí ẹ̀yin lẹ máa ń ba ọkọ̀ èèyàn jẹ́. Bí o ò bá lè ṣe é, palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́ lórí ilẹ̀ mi." Mojírádé kúnlẹ̀, ó ní, "Mo gbọ́, bàbá." Ó yọjú sí búùtù, ó rí i pé orí ọ̀dà ni wọ́n de wáyà dúdú mọ́, kò kan irin ara ọkọ̀ rárá; ìyẹn ló ń mú un kùn. Ó fi sípánà tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. "Nọ́ọ̀tì kì í ṣe wáyà, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di wáyà yẹn mú, kí ọwọ́ mi má baà kàn án." Olóyè ká apá agbádá, ó dì í mú. Mojírádé fi sáńpépà ha ọ̀dà títí irin fi ń dán. "Ẹ dá a padà síbẹ̀, bàbá. Ẹ dè é kó le dáadáa." Olóyè làágùn, ó dè é. Wọ́n tan rédíò: kíkùn ti pòórá, wúfà ń lu gbì, gbì, fìlà Olóyè ń jó lórí rẹ̀. Ó pariwo, "Èmi ni mo tún un ṣe!" Mojírádé ní, "Ẹ̀yin náà ni, bàbá. Ọmọ iṣẹ́ tó mọwọ́ báyìí, fírídọ́ọ̀mù rẹ̀ ò ní pẹ́. Ṣùgbọ́n níbo lẹ ti rí ọmọ iṣẹ́ tó lé ọ̀gá rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù?" Olóyè rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ dúró síbi tẹ́ ẹ wà."